Ta ni màmá àgbà ń pè lójú oorun?

Nínú lẹ́tà rẹ, o fi odindi ojú ewé kan bi mí pé irú àyẹ̀wò DNA wo ni kí o ṣe, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìdílé ọba lẹ ti wá, torí pé "Adé" ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá yín. O sì fọwọ́ sí i: "Ọmọ Aládé". Mo gbọ́. Gbé adé yẹn kalẹ̀ ná.

Ojú ewé kejì ni mo fẹ́ ká jọ kà. O ní bàbá àgbà rẹ ṣe lébìrà ní Obuasi ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, pé ìparí ọdún 1969 ló darí wálé lọ́wọ́ òfo, "torí pé àpà ni". Gbólóhùn kan péré, o ti kọjá lọ. Ta ló sọ fún ọ pé àpà ni?

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! (Kì í ṣe ti 1983 o, ìyẹn ìgbà tó kan àwa Nàìjíríà náà láti lé àwọn ará Gánà.) Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ẹ̀jìgbò tó ti pẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, fi ilé sílẹ̀, fi ọjà sílẹ̀, fi gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé bí ẹní lé ewúrẹ́ lẹ ń pè ní àpà láti ọjọ́ yìí, ẹ tún wá ń wá ọba tí ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

O wá ní màmá àgbà, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, máa ń sọ Twi, èdè Gánà, lójú oorun, ẹ sì máa ń fi í rẹ́rìn-ín. O kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ o dárúkọ ọba mẹ́ta.

Àyẹ̀wò DNA lè tọ́ka sí ìhà ibi tí àwọn baba ńlá rẹ ti wá. Kò mọ agboolé, kò lè kì ọ́. Ìyàwó ilé ló sábà máa ń ki ọkọ ní oríkì orílẹ̀. Màmá àgbà, ìyàwó ilé yín, ni kí o lọ bá. Má bi í pé "níbo la ti ṣẹ̀ wá?", yóò kàn mirí ni. Bi í pé ta ló gbẹ̀bí rẹ̀ ní Obuasi, kí ló ń tà, kí ló dì sínú ẹrù lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ta ló fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́. Tan fóònù rẹ kó máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì pa ẹnu mọ́.

Tí o bá ti mọ ẹni tó ń pè lójú oorun, kọ̀wé sí mi.