Ìgbì tó ń yọ ní aago 7 lálaalẹ́ lè má ti òpó wá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní láti ìgbà tí ẹ ti gbé áńtẹ́nà sórí òrùlé yín ní Ọ̀yọ́, láti máa gbọ́ ìgbì rédíò gáàsì háídírójìn inú agbo ìràwọ̀ wa ní 1420 MHz, ni gbogbo ìlà tó ń fi agbára ìgbì hàn lójú kọ̀ǹpútà yín ti ń gbéra sókè ní aago 7 alẹ́, tí ó sì ń wálẹ̀ ní aago 10. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìràwọ̀ ni, tàbí kí ẹ fi òpó tẹlifóònù ẹ̀yìn ilé yín sùn ní NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì kọ ìwé kankan. Oṣù 4 gbáko ni irú rẹ̀ fi dààmú mi níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Aago ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò. Ohun tó bá ti ojú ọ̀run wá kì í bá aago ara ògiri rìn: ìṣẹ́jú 4 ló fi ń yá ju ti àná lọ lójoojúmọ́, tí yóò fi tó wákàtí 2 láàárín oṣù kan. Èyí tó bá dúró ti aago 7 láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin, ọwọ́ ènìyàn ló ti wá. Háídírójìn a sì máa yọ bí òkìtì kékeré láàárín ìlà. Kì í gbé gbogbo ìlà sókè láti etí kan dé èkejì.

Òfin àgbáyé lórí ìgbì rédíò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìgbì jáde láàárín 1400 sí 1427 MHz, kí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lè rí ibi tó pa rọ́rọ́ gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ gidigidi yìí. Mo mọ òfin náà, mo sì gbà pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè rú u, ni mo bá dá òpó kan nítòsí Tákíè lẹ́bi. Àṣé wáyà díìṣì ni.

Orí kékeré tó wà níwájú díìṣì tẹlifíṣọ̀n ń gba ìgbì sátẹ́láìtì ní nǹkan bí 11 tàbí 12 GHz (GHz 1 jẹ́ MHz 1000), ṣùgbọ́n kí ó tó rán an gba inú wáyà, á sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín 950 sí 2150 MHz. 1420 wà níbẹ̀ gan-an. Bí wáyà bá dá ṣáká, inú rẹ̀ ni ìgbì náà ń gbà kọjá; bí ó bá já, tí wọ́n kàn so ó pọ̀, á máa jò síta, á sì bo ohun tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀.

Bàbá tí ilé wọn kángun sí tiwa máa ń wo ìròyìn lálaalẹ́. N kò bá wọn ṣe ẹjọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ iná dẹ́kódà yín fún ìṣẹ́jú 5 péré.” N kò tíì kúrò nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi tó dúró ti kọ̀ǹpútà fi ké láti ilé wa pé, “Ó ti wálẹ̀!” Nígbà tí a tọ wáyà náà lọ sẹ́yìnkùlé, a rí ojú ibi tó ti já: wọ́n lọ́ bàbà àárín rẹ̀ mọ́ra, wọ́n fi ọ̀rá piọ́ wọ́tà wé e, àwọn irun wẹ́wẹ́ tó yẹ kó bo bàbà náà sì tú síta, wọ́n ti dípẹtà. Owó ara mi ni mo fi ra wáyà tuntun àti irin 2 tí a fi ń de etí rẹ̀ méjèèjì. Àwòrán Bàbá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi náà sì rí òkìtì háídírójìn mi lóru ọjọ́ náà.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ní Parkes, níbi tí áńtẹ́nà ńlá kan tó ń gbọ́ ojú ọ̀run wà lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ ọdún ni ìgbì àjèjì kan fi rú àwọn onímọ̀ lójú, kí wọ́n tó rí i ní 2015 pé ẹ̀rọ máíkíróweèfù tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ gbóná níbẹ̀ ni, nígbà tí ẹnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó tó parí iṣẹ́.

N kò sọ pé òpó kò lè yọ yín lẹ́nu. Ìgbì rẹ̀ ní 900 àti 1800 MHz lè borí rédíò yín, kí ó wá máa fi ohun tí kò sí hàn yín. Ṣùgbọ́n òpó kò rú òfin kankan nínú ìyẹn, fílítà tó ń gba 1420 nìkan láàyè ni ẹ nílò.

Láti alẹ́ òní, ẹ máa kọ aago tí ìlà náà gbéra àti aago tó wálẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì kọ ìgbà tí NEPA mú iná wá àti ìgbà tí wọ́n mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ inú ilé kan tó ń bá iná rìn ni. Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan ń gbé ìgbì jáde láàárín 1400 sí 1427 lóòótọ́, ìwé yẹn ni kí ẹ fi ti ẹ̀sùn yín lẹ́yìn, n ó sì bá yín fọwọ́ sí i.