Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nọ́ńbà wo ló ń lọ sísàlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 gbé iṣẹ́ mátíìsì wálé, èrò ọkọ̀ Titanic tó rì lọ́dún 1912 ni wọ́n fi ṣe tébù ẹ̀, bó ṣe rí nìyí:

Kíláàsì kìíní: 203 yè, 122 kú, àpapọ̀ 325
Kíláàsì kejì: 118 yè, 167 kú, àpapọ̀ 285
Kíláàsì kẹta: 178 yè, 528 kú, àpapọ̀ 706
Òṣìṣẹ́ ọkọ̀: 212 yè, 673 kú, àpapọ̀ 885
Gbogbo ẹ̀: 711 yè, 1490 kú, àpapọ̀ 2201

Wọ́n ní tá a bá mú èèyàn kan nínú àwọn tó wà ní kíláàsì kìíní, kí ni pròbábílítì (ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó) pé ó yè. Ọmọ mi kọ 203/711, tíṣà ní kò gbà á. Mo wò ó títí, mi ò rí ibi tó ti ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa là á. Màmá ọmọ SS2, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, inú mi dùn gan-an pé ẹ jókòó tì í dípò kẹ́ ẹ kàn ní kó pa dà lọ bá tíṣà ẹ̀. 203 tó kọ sókè yẹn, ó gbà á. Ìsàlẹ̀ ló ti ṣì í, ọ̀rọ̀ kan tá a máa ń sọ lójoojúmọ́ ló sì máa tú u, òun ni "nínú". Ẹ ní kó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ nínú ìbéèrè yẹn: "nínú àwọn tó wà ní kíláàsì kìíní". Àwọn tí "nínú" bá ń tọ́ka sí, iye wọn ló ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ 325, àwọn nìkan lọ̀rọ̀ kàn, torí náà kó fi ìwé bo gbogbo ìlà yòókù kó ṣẹ́ ku 203, 122, 325 níwájú ẹ̀. 203/325 nìyẹn, 0.62, ó lé díẹ̀ ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

203/711 tó kọ yẹn náà nítumọ̀ o, ìbéèrè mìíì ló dáhùn: nínú àwọn tó yè, kí ni pròbábílítì pé kíláàsì kìíní lẹni náà wà? 0.29 ni. Tí wọ́n bá sì ní nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, èrò àtòṣìṣẹ́, kẹ́ni náà wà ní kíláàsì kìíní kó sì tún yè, 203/2201 ni, 0.09 péré. 203 kan náà lẹ ń wò yẹn o.

Ibi tí mo fẹ́ kí ọmọ yẹn dúró wò dáadáa ni ìlà òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Nínú àwọn tó yè, àwọn ló pọ̀ jù, 212, ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan á ní àwọn òṣìṣẹ́ ló rọrùn fún jù láti mórí bọ́. Àmọ́ 885 ni wọ́n, 212/885 sì jẹ́ 0.24, kò sí èyí tó kéré tó o nínú tébù yẹn, kódà kíláàsì kẹta fi díẹ̀ sàn jù wọ́n lọ, 178/706, 0.25. Torí pé wọ́n pọ̀ ni 212 yẹn ṣe pọ̀. Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ń fi irú nọ́ńbà báyìí jiyàn láìbéèrè pé nínú mélòó.

Wọ́n ṣì máa bi í ní ti "tàbí" náà: kíláàsì kìíní tàbí ẹni tó yè. Kó ro 325 mọ́ 711, kó wá yọ 203 kúrò torí a ti kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 833, 833/2201 jẹ́ 0.38.

Ẹ fún un ní èyí kó ṣe lálẹ́ yìí: nínú àwọn tó kú, kí ni pròbábílítì pé kíláàsì kẹta lẹni náà wà? Tó bá mú 0.35 wá, ó ti yé e. Tó bá mú 0.75 wá, ẹ ní kó tún "nínú" yẹn kà.