Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ilẹ̀ kì í fi ìtànṣán sílẹ̀ sínú ilẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà. Àwọn tí ń ṣe ọ̀nà gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ mi, nítòsí kànga, wọ́n ní ìtànṣán gámà ló fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ki tó. Ẹnìkan ní kí n san náírà 60,000 kí òun bá mi fọ ìtànṣán náà kúrò. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kan. Kò sí ohun tí ó fẹ́ fọ̀ níbẹ̀, irú ìwé yìí sì ti ń sú mi í kà.

Hóró Cesium-137 (èròjà tí ń tú ìtànṣán gámà jáde) kékeré kan, tí a fi irin tí kì í dípẹtà dì pa, ni ó wà ní orí ọ̀pá ẹ̀rọ náà. Òṣìṣẹ́ á fi òòlù gbá irin ṣóńṣó wọ inú ilẹ̀ tí a ti tẹ̀, á yọ ọ́, á ti ọ̀pá bọ inú ihò náà, bóyá sẹ̀ǹtímítà 15, á sì dúró bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ̀rọ ka iye ìtànṣán tí ó la ilẹ̀ kọjá dé abẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ki tó ni èyí tí ó ń kọjá ṣe ń dín kù. (Mo ti rí ọ̀gá iṣẹ́ tí ó rò pé òdìkejì rẹ̀ ni.)

Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri tí ẹ sì pa á, ìmọ́lẹ̀ wo ló kù lára ògiri? Agbára gámà yìí, 662 keV (keV ni a fi ń wọn agbára ìtànṣán), kò tó láti sọ erùpẹ̀, omi tàbí ẹ̀gẹ́ di ohun tí ń tú ìtànṣán. Ohun tí ó ń da ọkàn àwọn ènìyàn rú ni pé wọn kò ya ìtànṣán sọ́tọ̀ kúrò lára èròjà tí ń tú u jáde. Ní Goiânia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, lọ́dún 1987, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ti pa tì; ìyẹ̀fun Cesium inú rẹ̀ tú ká, ènìyàn mẹ́rin kú, wọ́n sì ní láti kó erùpẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ dànù. Èròjà fúnra rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi wọ́n ni bóyá ẹ̀rọ náà kúrò níbẹ̀ láìfọ́. N kò débẹ̀, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí katakata bá gun orí rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jìnnà síbẹ̀, kí a sì fi tó àjọ Nigerian Nuclear Regulatory Authority létí, nítorí àwọn ni wọ́n ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti lò ó.

Àbùkù tí mo mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ yìí lórí yangí wa kì í ṣe ti májèlé rárá: nígbà tí ó bá ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, ó máa ń ka omi tí amọ̀ dì mọ́ra mọ́ ọn, àfi kí a fi erùpẹ̀ tí a yan gbẹ nínú ààrò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹjọ́ agbaṣẹ́ṣe nìyẹn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ ẹ̀gẹ́ yín mọ́lẹ̀, owó ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ bi í.