Omi ìlú yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, pọ́ǹpù ilé ni

Ìbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ọkọ mi ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá, orílẹ̀-èdè Benin ni ìlú méjèèjì wà, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà la ń gbé. Wọ́n ń fi fúlọ́ráìdì, èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà, sí omi ẹ̀rọ wa. Ọ̀rẹ́ mi ní májèlé ni, kí n wá ọṣẹ ìfọyín tí kò ní i nínú. Ìyá ọkọ mi sì ní kí n fi ọmọ ránṣẹ́ sí òun kó lọ mu omi gidi, kó sì gbọ́ èdè. Ṣebí orín la fi dàgbà? Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Mojí

Èsì: Ìyá Mojí, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ fi omi ẹ̀rọ yẹn lọ́kàn balẹ̀. Mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kan ni ìjọba Amẹ́ríkà dámọ̀ràn ní 2015 pé kó wà níbẹ̀. Ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1945, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, eyín àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń jẹrà dín kù gan-an. Ní Faransé tí èmi wà, wọn kì í fi sómi. Inú ọṣẹ ìfọyín la ti ń rí i, àti inú iyọ̀ kan tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ṣábẹ̀ẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Àkọ́bí mi obìnrin kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí mo gbé e lọ fún ìyá mi níbẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, kò sì sẹ́ni tí yóò bá mi gbé ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ wá dúró níbi tí mo dúró sí. Omi pọ́ǹpù àdúgbò ló ń mu, omi tó mọ́ gaara, tó tutù. Nígbà tó padà wá, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń pàlọ́, eyín rẹ̀ funfun báláú.

Eyín ọmọdé bọ́, eyín àgbà hù. Méjì iwájú lókè ní àbàwọ́n funfun bí ẹfun, pẹ̀lú ilà àwọ̀ ilẹ̀ láàárín. Dókítà eyín kò bi mí léèrè súìtì. Ó ní, “Omi ibo ni ọmọ yìí mu ní kékeré?” Inú àgbọ̀n ni eyín àgbà ti ń dàgbà kó tó hù. Tí fúlọ́ráìdì inú omi bá pọ̀ jù lásìkò yẹn, àbàwọ́n ti wọ inú eyín nìyẹn, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́.

Ẹ sáà mọ àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń gba fúlọ́ráìdì sára. Ní agbègbè Collines tí Ṣábẹ̀ẹ́ wà, àwọn pọ́ǹpù kan wà tí fúlọ́ráìdì tiwọn ju mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ 1.5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá. Pọ́ǹpù kan lè dára kí èyí tó tẹ̀ lé e má dára. Ojú kò rí i, ẹnu kò mọ̀ ọ́n, sísè kò sì mú un kúrò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ yìí ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra. Ìró búrọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbọ́, ṣárá ṣárá, kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, itọ́ pupa ló kún inú àwo ìfọwọ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló sọ pé wọn kì í fọnu nílé wa. Nílé wa! Títí di òní tó ti dàgbà, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu tó bá ń rẹ́rìn-ín. Dókítà ti bá wa ha díẹ̀ kúrò lójú eyín náà, ó ṣì kù. Mi ò mọ ohun tó ń rò tí wọ́n bá ń ya fọ́tò.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kí ẹ má rán ọmọ lọ. Àbúrò rẹ̀ kò lọ, eyín tirẹ̀ mọ́, àfi èyí tí súìtì ti jẹ. Tí ìyá mi bá pè, èdè Faransé ló fi ń dáhùn, ìyá mi á ní ká gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èyí náà ń dùn mí.

Ẹ ní kí wọ́n bu omi pọ́ǹpù náà síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, kí wọ́n dárúkọ fúlọ́ráìdì gan-an, kí wọ́n má fi mọ sí ti kòkòrò àìsàn nìkan. Omi òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ ní i. Kí wọ́n gbè é, kí wọ́n sè é fọ́mọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ti ọṣẹ ìfọyín, ẹ má ra èyí tí kò ní fúlọ́ráìdì. Kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó; lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré, kó máa tu ú dànù. Orín kò burú, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń run orín, súìtì kò kún àpò wa báyìí.

Ọmọ yín ti tó ọdún mélòó? Pọ́ǹpù wo ni ìyá ọkọ yín ń pọn? Ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.