Béèrè Lọ́wọ́ Ìyá Kọ̀ǹpútà: Ṣé a lè fi wáyà fa pùrósẹ́sọ̀ jáde kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọṣẹ́ ni mí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣogbo. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà lọ́wọ́ mi, pùrósẹ́sọ̀ Core i5-2400 ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń gbóná gan-an. Mo ra heatsink ńlá (irin tó ń gba ooru lára pùrósẹ́sọ̀) fún un, kò wọlé, RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì rẹ̀, ló dí i lọ́nà. Mo ní mọ́dàbọ́ọ̀dù kan tó ní irú sọ́kẹ́ẹ̀tì 1155, tó ti kú, àti pùrósẹ́sọ̀ kan tó ti jó. Mo fẹ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara bọ́ọ̀dù tó kú yẹn, kí n fi lẹ́ẹ̀dì lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí n lẹ orí kejì mọ́ pùrósẹ́sọ̀ tó jó, kí n sì gbé ìyẹn sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì gidi. Pùrósẹ́sọ̀ tó dáa á wá jókòó síta, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí bọ́ọ̀dù, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí i. Ọ̀gá mi ní àlá ni mò ń lá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n iná ń ṣiṣẹ́, riser tí wọ́n fi ń fa káàdì gíráfíìsì jáde náà ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí ti pùrósẹ́sọ̀ ò ní ṣiṣẹ́?
Ọmọṣẹ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, ọ̀gá rẹ jàre lórí i5 yìí. Àmọ́ àlá kọ́ lò ń lá. Irú ohun tó o ń sọ yìí ti ṣiṣẹ́ rí, iṣẹ́ gidi ni wọ́n sì ń fi í ṣe.

Nígbà tí ẹsẹ̀ pùrósẹ́sọ̀ ò ju 40 lọ, àwọn ẹnjiníà tó ń ṣe bọ́ọ̀dù tuntun máa ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á ki orí wáyà pẹlẹbẹ kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, orí kejì á sì wà lára àpótí ńlá kan tó ń ṣe iṣẹ́ pùrósẹ́sọ̀ náà, kí wọ́n lè máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. In-circuit emulator ni wọ́n ń pè é. Ó ṣeé ṣe torí pé nǹkan ò yára nígbà yẹn. 8088 inú IBM PC ọdún 1981, 4.77 MHz ni: kí clock rẹ̀, ìyẹn ìlù tó ń darí ìṣísẹ̀ rẹ̀, tó lù lẹ́ẹ̀kejì, nǹkan bíi náńósẹ́kọ̀ńdì 210 á ti kọjá. Sígínà tó gba inú wáyà sẹ̀ǹtímítà 20 kọjá ò lò ju bíi náńósẹ́kọ̀ńdì kan lọ. Kí ni ẹyọ kan nínú 210? Bọ́ọ̀dù ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni slotket dé, láyé Pentium II àti Pentium III. Àwa tá a wà ní Ọ̀tígbà, n'Ìkẹjà, nígbà yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa: ihò pùrósẹ́sọ̀ ara mọ́dàbọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀ jẹ́ irú Slot 1, pùrósẹ́sọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti irú Socket 370, slotket ló ń bá wa so wọ́n pọ̀. Ní 2005, ASUS ṣe CT-479, tí wọ́n fi ń lo Pentium M, tó jẹ́ pùrósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù, lórí bọ́ọ̀dù Socket 478. Ẹni tó bá wá sọ fún ẹ pé nǹkan kan ò lè wà láàárín pùrósẹ́sọ̀ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló pa. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ ni slotket àti CT-479 yìí. Kò sí ìdì wáyà nínú wọn.

Tìẹ wá ńkọ́? Ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mú pùrósẹ́sọ̀ tó jó yẹn, kó o yí ìdí rẹ̀ sókè. Ojú wúrà 1155 tó wà níbẹ̀ nìkan ni iná àti sígínà ń gbà wọlé. Tó o bá lẹ wáyà mọ́ wọn, wọn ò lè kan píìnì sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Tó o bá jẹ́ kí wọ́n kan píìnì, kò síbi tó o máa lẹ wáyà mọ́, torí irin lásán ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ojú kan sí èkejì ò sì tó mìlímítà kan. Àfi kó o ní kí wọ́n tẹ bọ́ọ̀dù olójú méjì fún ẹ.

Ká ní o rí i ṣe. Intel ti kó ohun tó ń darí RAM wọnú pùrósẹ́sọ̀ láti 2008, i5-2400 rẹ ló ń bá RAM sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lórí RAM irú DDR3-1333, bit kan (ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù) ò ní ju náńósẹ́kọ̀ńdì 0.75 lọ. Kí èyí àkọ́kọ́ tó dé òpin wáyà rẹ, èkejì ti gbéra. Ìpẹ́ yẹn nìkan kọ́ ni ìṣòro o, torí bọ́ọ̀dù máa ń wọn ìpẹ́ nígbà tó bá ń tan, á sì gbà á mọ́ra dé ìwọ̀n kan. Gbé bọ́ọ̀dù tó kú yẹn sábẹ́ iná, kó o wo àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ihò RAM. Wàá rí ìlà kọ́pà tíntìntín tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ̀ṣọ́ kọ́. Èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kún, kí òun àti àwọn yòókù lè jọ dé. Abẹ́ wọn sì ni pẹrẹsẹ kọ́pà kan wà, tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Wáyà tìẹ ò ní dọ́gba, kò sì ní ní ẹ́ẹ̀tì lábẹ́: sígínà wáyà kan á máa ta sí èkejì, èyí tó bá dé ojú lẹ́ẹ̀dì á máa ta padà.

Tó bá dà bí àsọdùn, wá wáyà IDE ti háádì díìsìkì àtijọ́. Wáyà 40 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí eré rẹ̀ dé 66 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sọ ọ́ di 80, orí tó ní ihò 40 yẹn ò sì yí padà. Ogójì tí wọ́n fi kún un, ẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀, tí wọ́n há sí àárín àwọn tó kù.

Iná fúnra rẹ̀ tún wà. Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ń gbé 230 volt, ampere rẹ̀ ò ju 13 lọ, ìgbàkígbà tí iná bá sì dé ọ̀dọ̀ kẹ́tù, omi á hó. Pùrósẹ́sọ̀ 95 watt tó ń gba nǹkan bíi 1.2 volt lè fa ampere tó súnmọ́ 80. Tí ojú lẹ́ẹ̀dì àti wáyà rẹ bá jọ fi ìdá kan péré nínú ẹgbẹ̀rún ohm kún ọ̀nà, 0.08 volt ti sọ nù. Èyí tó tún le ni pé pùrósẹ́sọ̀ máa ń sùn, ó máa ń jí, lójijì ni á sì béèrè iná. Àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké (tó ń fi iná díẹ̀ pamọ́) tó wà láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti lẹ́yìn rẹ̀ ló ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. O fẹ́ gbé e jìnnà sí wọn.

Riser ò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà PCIe, ìyẹn ọ̀nà tí káàdì gíráfíìsì ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ń rìn ní méjì-méjì, sígínà kọ̀ọ̀kan gbé clock tirẹ̀ dání, lane (ọ̀nà sígínà) kọ̀ọ̀kan ò dúró de èkejì, tí ọ̀nà ò bá dáa, wọ́n lè dín eré kù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti ní láti wọ BIOS (ètò tí bọ́ọ̀dù fi ń tan) lọ yí eré PCIe láti Gen 4 sí Gen 3 torí riser àtijọ́.

Ohun tó o máa rí lórí tábìlì ni fáànù tó ń yí, ojú tó dúdú, àti bọ́ọ̀dù tó ń pa tó ń tàn. Tí wáyà méjì bá wá kanra níbi tí kò yẹ, wàá ní pùrósẹ́sọ̀ jíjó méjì.

Ooru ni kó o gbé jáde, fi pùrósẹ́sọ̀ sílẹ̀ síbi tó wà. Kọ́kọ́ nu paste àtijọ́ tó wà láàárín pùrósẹ́sọ̀ àti heatsink kúrò, kó o fi tuntun sí i. Mo fura pé ó ti gbẹ. Tí RAM yẹn bá ní ìyẹ́ gíga, wá èyí tó kúrú, tàbí kó o gbé e sí ihò tó jìnnà. Tó bá ṣì le, ra heatsink tó kúrú, tàbí èyí tó ń fi rọ́bà gbé omi lọ sí radiator létí àpótí.

Tó bá jẹ́ pé fífà jáde gan-an ló wù ẹ́, wá pùrósẹ́sọ̀ àtijọ́ kan, Z80 oníCMOS, Z84C00, ẹsẹ̀ 40. So ẹsẹ̀ data mẹ́jọ̀ọ̀jọ mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Òdo ni á máa kà, òdo sì ni àṣẹ "má ṣe nǹkan kan" fún un. So àwọn ẹsẹ̀ INT, NMI, WAIT àti BUSREQ mọ́ 5 volt, kó o so RESET náà mọ́ ọn lẹ́yìn tó o bá ti kọ́kọ́ fi kan ẹ́ẹ̀tì díẹ̀, fi resistor àti LED sí ẹsẹ̀ A15, kó o gé orí wáyà IDE onífọ́nrán 40 kúrò láti fi fà á jáde. Tó o bá fún un ní clock 4 MHz, LED yẹn á máa ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fi han ọ̀gá rẹ.