Ìbéèrè láti Ọjà Ọba: Ṣé mo lè gbà kí wọ́n fa iṣan ẹsẹ̀ mi yọ?

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Ààfáà wa. Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ta ata àti tòmátì, ó sì ti pẹ́. Orí ìdúró ni iṣẹ́ wa látàárọ̀ dalẹ́. Láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi ni iṣan ẹsẹ̀ òsì mi ti ń wú. Ó ti ta kókó báyìí láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ náà á wúwo, á máa yún mi, á máa ro mí. Ara ibẹ̀ ti dúdú, egbò kékeré kan sì ti yọ lẹ́bàá kókósẹ̀. Dókítà ní varicose veins ni wọ́n ń pè é, pé iṣẹ́ abẹ ló kù: kí wọ́n gé iṣan náà lókè kí wọ́n fà á yọ, tàbí kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń fi laser jó o pa láti inú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àsàsí ni, pé abẹ ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹnì kan ní asàlátù wa sì ní ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kì í gbà kí wọ́n fi iná jó òun, pé hàdíìsì wà lórí ẹ̀. Ọkùnrin ni dókítà náà, òkè itan ló sì máa ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni màá ṣe ṣe àlùwàlá tí wọ́n bá di ẹsẹ̀ mi? Ìrun ńkọ́? Ààwẹ̀ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāh. Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Kí Ọlọ́hun sọ àìsàn yìí di ìpẹ̀ṣẹ̀rẹ́ fún yín, kó sì fi àlàáfíà rọ́pò rẹ̀.

Ẹ lè ṣe é. Ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́. Ní ti ẹsẹ̀ tó ti dúdú tó sì ti ń yọ egbò, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi falẹ̀ mọ́, torí egbò irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná níwọ̀n ìgbà tí ohun tó fà á bá ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù lọ. Nínú hàdíìsì tí Imām Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ sínú ìwé, gbà wá, Jābir ọmọ Abdullāh sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán oníṣègùn kan sí Ubayy ọmọ Ka'b. Oníṣègùn náà gé iṣan kan lára rẹ̀, ó sì fi iná jó ojú ibẹ̀. Ta ni Ubayy yìí? Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí Ànábì ní kí wọ́n gba Àlùkùránì lẹ́nu wọn ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbára lé Ọlọ́hun. Àdúà Ànábì wà nílé, síbẹ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ìwòsàn ni Ànábì rán sí i. Iṣan ni wọ́n sì gé, iná ni wọ́n sì fi jó o, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tí dókítà bá yín sọ. Mo fẹ́ kí ẹ mú hàdíìsì yìí lọ sí asàlátù yín.

Òótọ́ ni pé ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí nǹkan kà. Bukhari àti Muslim gba hàdíìsì àwọn ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin tí wọ́n máa wọ ọgbà ìdẹ̀ra láìsí ìṣirò, tí wọ́n kì í fi iná jó ara wọn. Òmíràn tún wà tí Ànábì ti dárúkọ oyin, híjámà (fífa ẹ̀jẹ̀ lára) àti fífi iná jó ara gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn, tó sì ní òun kọ iná jíjó fún ìjọ òun. Ṣùgbọ́n Ànábì yìí kan náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó ojú ọgbẹ́ Sa'd ọmọ Mu'ādh nígbà tí ọfà bà á ní iṣan apá. Àwọn onímímọ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n ní ohun tí kò dára ni kéèyàn sáré lọ jó ara rẹ̀ láìsí ìdí, tàbí kó gbà pé iná fúnra rẹ̀ ló ń woni sàn. Ibi tí àìsàn bá ti bèèrè fún un, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará oko bi Ànábì pé ṣé kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn, ó ní: ẹ máa tọ́jú ara yín, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, nítorí Ọlọ́hun ò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ọ̀kan, ogbó.

Kì í sì í ṣe pé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iṣẹ́ abẹ yìí wá bá wa. Az-Zahrāwī, oníṣègùn Mùsùlùmí ará Cordoba ní Andalus, tó kú ní ọdún 1013, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ alápá 30 bí wọ́n ṣe ń la ara tí wọ́n sì ń fa iṣan ẹsẹ̀ tó ti wú jáde.

Ní ti àsàsí. Mi ò ní sọ pé kò sí èèdì láyé, Àlùkùránì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín, a mọ̀ ọ́n, a sì mọ ibi tó ti wá. Inú iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà gòkè láti ẹsẹ̀ padà sí ọkàn. Ọlọ́hun fi àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké sínú iṣan náà tó ń ṣí sókè nìkan, kí ẹ̀jẹ̀ tó ti gòkè má baà padà wálẹ̀. Tí àwọn ilẹ̀kùn yẹn bá dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa sàn padà, á dúró sísàlẹ̀, iṣan á wú, á lọ́. Ìdúró pípẹ́ máa ń fà á, oyún máa ń fà á, ọjọ́ orí àti ara sísan wà níbẹ̀, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Ẹ wo àwọn tó ń dúró lọ́jà yẹn, àwọn tó ń ránṣọ, àwọn tíṣà: ó pọ̀ láàárín wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àsàsí dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ará ilé ọkọ yín.

Tí ẹ bá fẹ́ rúkíyà, ó dára. Ẹ ka Fātiha, ẹ ka Kul mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ni kí ẹ gbà kí ẹnì kan sín gbẹ́rẹ́ sórí iṣan tó wú yẹn. Bákan náà ni híjámà. Súnà ni, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe orí iṣan wíwú ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwọ̀n abẹ kékeré lórí iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ti kún dẹ́múdẹ́mú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa tú yàà, kí egbò sì wọ̀ ọ́. Ànábì sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ́ ìṣègùn, òun ló máa dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Hàdíìsì yìí wà lọ́dọ̀ Abu Dawud.

Nínú irú ìwòsàn tí ẹ máa yàn, ẹ̀yin àti dókítà lẹ ní i, kì í ṣe ààfáà. Ohun tí mo mọ̀ ni mo máa sọ. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, àti kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè tí ẹ bá jókòó, máa ń jẹ́ kó rọ̀ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọn ò tún ilẹ̀kùn tó ti dẹ̀ ṣe. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ooru ṣe é, ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n ti máa ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú iṣan, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ scan wò ó, wọ́n á gún yín ní abẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ náà kò fi ní mọ ìrora, ooru á sì pa iṣan náà dé láti inú. Abẹ́rẹ́ oògùn tó ń hó bí ọṣẹ náà wà tí wọ́n ń fi sínú iṣan kó lè dì. Èyí tí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ fún yín ni wọ́n ń là lókè itan níbi tó ti pàdé ikùn, tí wọ́n á so iṣan náà, tí wọ́n á sì fà á jáde nítòsí orúnkún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ni pé ooru ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, tí kò bá ṣeé ṣe kí wọ́n lo oògùn tó ń hó yẹn, lẹ́yìn náà ni abẹ. Níbi tiwa, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ laser, fífà á yọ náà sì jẹ́ ìwòsàn tó pegedé. Ẹ lè lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tó wà ní Àkúrẹ́, ní ilé ìwòsàn yunifásítì UNIMED ní Oǹdó, tàbí ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ní Ọ̀wọ̀.

Ẹ̀rù lè máa bà yín pé tí wọ́n bá yọ iṣan, ibo ni ẹ̀jẹ̀ máa gbà? Iṣan tó tóbi ju èyí lọ wà nínú ẹran ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún, òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi scan wò ó pé ti inú yẹn dáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan ti òkè. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò yìí. Ẹ tún bi dókítà nípa ewu tó wà níbẹ̀: ara lè dúdú, ojú kan lè kú tipiri, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan, ó sì lè padà yọ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Tí ẹnì kan bá wá sọ pé ẹ ń yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà, ẹ dá a lóhùn pé 'Arfaja, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, sọ imú rẹ̀ nù lójú ogun, ó fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn, Ànábì ló ní kó fi wúrà ṣe é. Àtúnṣe ohun tó bàjẹ́ kì í ṣe ìyípadà ẹ̀dá.

Ní ti dókítà ọkùnrin, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá obìnrin kan wà tó mọ iṣẹ́ abẹ yìí. Tó bá wà, òun ni. Tí kò bá sí, tàbí tí ọkùnrin yẹn bá mọ̀ ọ́n ju obìnrin náà lọ lọ́nà tó hàn gbangba, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Rubayyi' ọmọbìnrin Mu'awwidh sọ pé àwọn máa ń bá Ànábì lọ sójú ogun, àwọn ń fún àwọn ọmọ ogun lómi, àwọn sì ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ibi tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ nìkan ni kí wọ́n ṣí, kí aṣọ bo ìyókù, kí nọ́ọ̀sì obìnrin tàbí bàbá àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn dókítà wa máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí a bá fi sùúrù sọ ọ́.

Àlùwàlá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ni ara wọn lára. Nígbà ayé Ànábì, ọkùnrin kan fara gbọgbẹ́ lórí, jánábà (ohun tó ń sọ ìwẹ̀ di ọ̀ranyàn) sì ṣe é. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kò sí ìrọ̀rùn kankan fún un, ó wẹ̀, ó sì kú. Ànábì ní: "Wọ́n pa á. Kí ló dé tí wọn ò béèrè nígbà tí wọn ò mọ̀? Ìbéèrè ni ìwòsàn àìmọ̀." Nítorí náà ẹ má da omi sójú abẹ.

Nínú àlùwàlá, ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀ nìkan ló jẹ́ ọ̀ranyàn. Tí báńdéèjì bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè kókósẹ̀, kò kan àlùwàlá rárá, ẹ fọ ẹsẹ̀ yín bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Tó bá bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fọ ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ pa orí, kí ẹ sì fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì náà láti ọmọ ìka dé kókósẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, gbogbo orí báńdéèjì náà lẹ máa pa, ẹ ó sì fọ ìyókù ara. Lọ́dọ̀ Imām Mālik, tí àwa níbí ń tẹ̀ lé nínú òfin ẹ̀sìn, kò sí iye ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kò sì pọn dandan kí ẹ ti ní àlùwàlá kí wọ́n tó dì í. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ díẹ̀díẹ̀ sára báńdéèjì, kò ba àlùwàlá jẹ́. Ní ti ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹn, níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá ní ẹ kò gbọdọ̀ bọ́ ọ, báńdéèjì ni. Ọjọ́ tó bá ti ní ẹ lè máa bọ́ ọ, ẹ bọ́ ọ kí ẹ fọ ẹsẹ̀.

Ìrun kò le. Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe 'Imrān ọmọ Husayn tí Ànábì fi sọ fún un pé kó dúró kírun, tí kò bá lè dúró kó jókòó, tí kò bá lè jókòó kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí àga, ẹ tẹ̀ fún rúkúù, kí ẹ tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìforíkanlẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, ẹ lè kó Àílà àti Àlàásárì pọ̀. Tí oògùn oorun bá gbé yín kọjá àkókò ìrun kan, ẹ san án tí ẹ bá jí.

Ààwẹ̀: tí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ náà lè dúró, ẹ ṣe é lẹ́yìn Ràmàdánì. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú kan kú kò ba ààwẹ̀ jẹ́, omi oúnjẹ tí wọ́n ń fà sínú iṣan ló ń bà á jẹ́. Tí egbò yẹn bá ń gbilẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe é kí ẹ san ààwẹ̀ padà, Ọlọ́hun ti sọ ọ́ nínú Sūrat al-Baqara pé kí aláìsàn kà á sí ọjọ́ mìíràn. Bí iṣan náà bá sì bẹ́ lọ́jà tàbí nílé kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ yín sókè ju ọkàn lọ, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ pinpin, kí wọ́n má so okùn mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbé yín lọ sílé ìwòsàn, ẹ gbààwẹ̀ o, ẹ ò gbààwẹ̀ o.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.