Rọpárọsẹ̀ mú Bàbá: ta ni yóò bá wa san owó olùtọ́jú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bàbá wa ti pé ọdún 82, Rélùwéè ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá ọ̀tún, wọn ò lè dá wẹ̀ mọ́. A gba obìnrin kan tó ń tọ́jú wọn nílé ní Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Ṣé ìjọba lè bá wa san án?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Mi ò ní tàn yín: látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà nílé ìwòsàn, n kò tíì rí owó ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún olùtọ́jú inú ilé n'Íbàdàn. Dókítà, àyẹ̀wò àti oògùn ni ìṣúráńsì ìlera ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n àpò kan náà ni owó oògùn àti owó olùtọ́jú ti ń jáde. Tí ẹlòmíì bá bá yín gbé ti oògùn, ti olùtọ́jú á fúyẹ́.

Pẹ́ńṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, ni ti àwọn ará Rélùwéè wà. Wọ́n máa ń ní kí àgbà fi hàn pé òun ṣì wà láàyè. "I Am Alive" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó wà lórí ibùsùn kì í sábà rántí rẹ̀, owó á sì dúró láìpariwo. Mo mọ ẹbí kan tí àwọn ọmọ ń dáwó lóṣooṣù, tí pẹ́ńṣàn bàbá wọn sì há síbì kan. Orí fóònù lẹ ti lè ṣe é, kò dìgbà tí ẹ bá gbé Bàbá jáde. (Tó bá jẹ́ tíṣà ni òbí yín, tàbí òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ lọ.)

Lẹ́yìn náà, ẹ fi NIN Bàbá forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ OYSHIA, ìṣúráńsì ìlera ìpínlẹ̀ wa. Ẹ tún gbé wọn lọ sí ibi ìtọ́jú àgbà ní UCH, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012 fún ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹ mú olùtọ́jú yẹn dání lọ, kí wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa yí Bàbá padà kí ara wọn má baà dégbò. Egbò ẹ̀yìn ń jẹ owó ju owó oṣù lọ.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ, "a máa fi nǹkan ránṣẹ́" kò tó. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ iye tí kálukú máa san àti ọjọ́ tó máa san án. Ẹni tí kò lówó, kó wá sun ọ̀dọ̀ Bàbá ní Sátidé àti Sọ́ńdè. Ẹ ó lè bá olùtọ́jú dúnàá-dúrà owó ọjọ́ márùn-ún péré. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin ilé tó ń fọ aṣọ Bàbá lálẹ́ ti ń dá tirẹ̀; ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà. Ẹ má yá owó nítorí ìnáwó olóṣooṣù. Àga onítáyà tàbí àtúnṣe ilé ìwẹ̀ ni ẹ lè tìtorí rẹ̀ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Àmọ́ kí ẹ tó pe ìpàdé ẹbí, ẹ yẹ àkáǹtì Bàbá wò: oṣù wo ni pẹ́ńṣàn wọlé kẹ́yìn?